Skimmer àfọwọ́ṣe: àwọn àṣìṣe tó ń jẹ yín lówó

Inú ń bí mi díẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ má bínú. Láìpẹ́ yìí, èèyàn mẹ́ta ló gbé skimmer (ẹ̀rọ tó ń fi ìfófó kó ìdọ̀tí kúrò nínú omi iyọ̀ táǹkì ẹja) tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe wá bá mi pé kò ṣiṣẹ́. Méjì nínú rẹ̀ ò ní àbùkù kankan. Àwọn tó ṣe é ni wọ́n ní.

1. Ẹ yé fi omi ẹ̀rọ dán an wò. Ibí gan-an ni owó ti ń wọgbó. Ẹnì kan á lẹ páìpù pọ̀ tán, á gbé e sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ẹ̀rọ, á tan pọ́ǹpù. Hóró afẹ́fẹ́ á máa jáde ní ńláńlá, ìfófó ò ní yọjú. Ló bá gbà pé pọ́ǹpù òun ò lágbára, ó lọ ra èyí tó tóbi jù ú lọ. Pọ́ǹpù ò jẹ̀bi o! Nínú omi tí kò níyọ̀, àwọn hóró afẹ́fẹ́ kéékèèké máa ń dà pọ̀ di ńlá. Iyọ̀ ni kì í jẹ́ kí wọ́n dà pọ̀. Bí wọ́n bá wà ní wínníwínní, wọ́n á pẹ́ nínú páìpù, ìdọ̀tí tó ti yòrò sínú omi á ráyè lẹ̀ mọ́ wọn lára, wọ́n á sì jọ gba ọrùn rẹ̀ gòkè lọ sínú ife tó ń gba ìdọ̀tí lókè. Omi iyọ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pò pàápàá ò ní hó bó ṣe yẹ, torí ìdọ̀tí wo ló fẹ́ kó? Omi tí ẹja ti ń jẹ tó sì ń yàgbẹ́ sí ni kí ẹ fi dán an wò.

Níbẹ̀ náà, ẹ fún un láyè. Ọ̀rá tó wà lára páìpù tuntun máa ń pa ìfófó. Ó lè gba ọjọ́ mélòó kan, ó tiẹ̀ lè tó ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ọjọ́ kejì ni mo gé ọrùn skimmer àkọ́kọ́ mi kúrú, torí ìfófó ò dé inú ife. Lọ́jọ́ kẹta mo tún gé e. Nígbà tó fi máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gidi lọ́jọ́ kẹsàn-án, ọrùn ti kúrú débi pé omi lásán ló ń kún ife. Mo jí láàárọ̀, ilẹ̀ yàrá rin gbìndìn. Ọ̀gá oníṣẹ́!

Ẹni tó sì ti ra pọ́ǹpù ńlá ńkọ́? Omi á máa sáré kọjá, á máa da ìfófó rú, hóró afẹ́fẹ́ á kún inú táǹkì ẹja.

2. Gọ́ọ̀mù silicone kì í mú ike PVC tàbí acrylic dáadáa. Gọ́ọ̀mù tiwọn wà. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún wákàtí 24.

3. Bàbà àti idẹ ò gbọdọ̀ kan omi yẹn. Bàbà ń pa edé àti iyùn tó wà láàyè nínú omi.

Ìkẹrin yẹ kó jẹ́ airstone (ohun tó ń fọ́ afẹ́fẹ́ sí hóró wínníwínní nínú omi), àmọ́ fáàfù ló wà lọ́kàn mi. Ní ẹnu ibi tí omi ti ń jáde, ẹ má fi èyí tó ń ṣí pátá bí ẹ bá yí i lẹ́ẹ̀kan. Ẹ lo èyí tí à ń lọ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá sì ti lọ́ ọ, ẹ káwọ́ yín kúrò níbẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú!

Airstone onígi dára, ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ihò rẹ̀ á dí. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ má fi ọṣẹ fọ ife. Mi ò ní ṣàlàyé.

Bí pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ bá wà nísàlẹ̀ ojú omi, tí iná sì lọ, omi á gba inú rọ́bà padà sínú rẹ̀. Fáàfù kékeré tí kì í jẹ́ kí omi padà wà fún un.

Ẹnì kẹta tí skimmer rẹ̀ ní àbùkù lóòótọ́, gọ́ọ̀mù ló fi lẹ ife mọ́ ọrùn pinpin. Mo bi í pé báwo ló ṣe fẹ́ máa da ìdọ̀tí rẹ̀ nù. Ó ní òun ò tíì ronú débẹ̀.