Kí Ẹ̀mí Lè Gùn, Ẹ Wọn Iyọ̀: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ìdílé ní Agbègbè Ìbàdàn

Àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ lápá Mọ́níyà ló ní ká kọ ìwé yìí. Lásìkò ìkórè tó kọjá, rọpárọsẹ̀ gbé ọ̀kan nínú àwọn àgbà wọn ṣánlẹ̀ nídìí ààrò gàrí. Bàbá náà kì í mu sìgá, kì í mutí, ẹsẹ̀ ló sì ń fi rìn lọ sóko lójoojúmọ́. Nígbà tí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nílé ìwòsàn, ó ti ga kọjá ààlà, kò sì sẹ́ni nínú ilé tó rántí ìgbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n kẹ́yìn.

A ò ní kọ́ yín ní iṣẹ́ àṣekára. Ìṣẹ́jú 150 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà fi lo ara rẹ̀ lọ́sẹ̀, ẹni tó ń kọ ebè sì ti ṣe é kọjá bẹ́ẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó dé ìdajì. Ohun tí à ń bá pàdé káàkiri, láti Àkínyẹlé dé Ìdó, láti Lágelú dé Ọ̀nà-Àrà, iyọ̀ àjẹjù ni, òun ló sì ń mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ga. Bí ẹ ò bá ní rántí nǹkan mìíràn nínú ìwé yìí, ẹ rántí iyọ̀.

Òógùn kì í gbé e lọ

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń fi dá wa lóhùn ni pé, "Iṣẹ́ tí mò ń ṣe yìí, òógùn á gbé iyọ̀ jáde." Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi ni òógùn ń gbà lára yín jù, omi ni kí ẹ sì fi dí i. Iyọ̀ díẹ̀ tó bá a lọ, oúnjẹ tí ẹ ń jẹ lójoojúmọ́ ti dá a padà.

Ọ̀pọ̀ abà tí a dé, ọ̀rá iyọ̀ kan wà tí wọ́n so mọ́ òpó, tí ọ̀rinrin ti mú kó dì gbagidi. Bí iṣu bá ti jinná lórí ẹyin iná, wọ́n á ha eérú rẹ̀, wọ́n á da epo sáwo, wọ́n á wá fọ́ iyọ̀ yẹn sínú epo títí tí yóò fi máa dún lẹ́nu bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Tó bá dalẹ́, ọbẹ̀ tí wọ́n ti fi iyọ̀ àti magí sè, bàbá á tọ́ ọ wò, á ní ó tẹ́, á ní kí ọmọ gbé iyọ̀ wá.

Iyọ̀ orí àwo yìí la wá bá wí. Àwọn oníṣègùn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣáájú wọn yẹ ènìyàn 2,118 tí rọpárọsẹ̀ mú wò ní Nàìjíríà àti Gánà, wọ́n sì fi wọ́n wé iye kan náà tí kò mú. Àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2018. Nǹkan 11 tí ọwọ́ ènìyàn ká ni wọ́n tọ́ka sí, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìyẹn kí ìfúnpá ga kọjá ààlà, ló sì ṣíwájú gbogbo wọn. Bíbu iyọ̀ lé oúnjẹ tó ti jinná wà níbẹ̀. Àìjẹ ẹ̀fọ́ tó náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹran jíjẹ lemọ́lemọ́, ìtọ̀ ṣúgà, sìgá àti wàhálà ọkàn. Nítorí náà, kí ẹ tó sọ pé ẹnì kan ló fi ẹ̀gbà bá bàbá yín jà, ẹ kọ́kọ́ wo inú àwo tó ń jẹun.

Ìwọ̀n rẹ̀

Àgbàlagbà kan kò gbọdọ̀ jẹ iyọ̀ tó gíráàmù 5 lóòjọ́. Ṣíbí tíì kan nìyẹn, tí ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kó tẹ́jú. Kì í ṣe iyọ̀ funfun nìkan la ń kà síbẹ̀ o: magí wà nínú rẹ̀, búrẹ́dì wà nínú rẹ̀, indomie, ẹja oníyọ̀, àti irú pẹ̀lú, nítorí ọ̀pọ̀ oníirú ló ń fi iyọ̀ sí i kó má baà tètè bàjẹ́. Ẹ bi í kí ẹ tó rà.

Kúùbù magí tó wọn gíráàmù 4, ìdajì rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, iyọ̀ ni. Ìyá kan gbà wá láyè ká jókòó ti òun nídìí àdògán. Ọbẹ̀ ènìyàn márùn-ún ló ń sè. Ó tú kúùbù 8 sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rò ó, ó tọ́ ọ wò, ó tún wá bu iyọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó dà á sí i. Kúùbù 8 yẹn nìkan ti tó iyọ̀ gíráàmù 16, ó ju ṣíbí tíì mẹ́ta lọ, kó tó kan èyí tó fọwọ́ bù. Ìyá yìí kan náà ló ti sọ fún wa pé wọn kì í jẹ iyọ̀ púpọ̀ nílé wọn.

Fún ilé tó ní àgbàlagbà márùn-ún, fún odidi ọjọ́ kan:

- iyọ̀ funfun: ṣíbí tíì 3, tí ẹ gé orí rẹ̀
- magí: kúùbù 2
- iyọ̀ orí tábìlì tàbí orí àwo: rárá

Ìyókù, búrẹ́dì àti ẹja ti gbà á. Bí ọmọdé bá wà nínú àwọn márùn-ún náà, ẹ tún dín in kù.

Láàárọ̀, kí ẹni tó ń dáná wọn ṣíbí 3 yẹn sínú ife kan. Inú ife yẹn ni kó ti máa bu iyọ̀ fún gbogbo ohun tí wọ́n bá sè títí di alẹ́. Bó bá tán, ó tán nìyẹn. Ẹni tó bá ń ráhùn pé ọbẹ̀ tẹ́, ẹ jẹ́ kó ráhùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ahọ́n rẹ̀ á ti mọ́ ọn. Ata, àlùbọ́sà, efinrin àti irú tí kò níyọ̀ ló yẹ kó máa gbé adùn ọbẹ̀ wá.

Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí ọ̀rá iyọ̀ gíráàmù 500 sára ọ̀rá náà. Lórí ìwọ̀n tí a sọ yìí, ó yẹ kó lò tó ọjọ́ 33. Bó bá tán ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ń jẹ ìlọ́po méjì. Ẹni tó lè kàwé, kó wo ẹ̀yìn ọ̀rá indomie tàbí magí níbi tí wọ́n kọ sodium sí, ìyẹn èròjà inú iyọ̀ tó ń mú ìfúnpá ga: mílígíráàmù 400 rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú iyọ̀ gíráàmù 1.

Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí sá fún iyọ̀ pátápátá. Èyí tí wọ́n fi áyódínì, èròjà tí kì í jẹ́ kí gẹ̀gẹ̀ mú ni, sí ni kí ẹ rà, kí ẹ dé ẹnu rẹ̀ pinpin, kí ẹ sì fi sí ọbẹ̀ nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jinná.

Káún náà ní sodium nínú. Ilé tí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru bá wà, kí wọ́n yé fi se ewédú àti ẹ̀wà. Bí ewé bá tútù, ìjábẹ̀ nìkan tó ewédú.

Ẹ̀fọ́ tí ẹ gbìn, ẹ jẹ ẹ́

Ó ń dùn wá. Àwọn tó ń gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọyọ̀kọ̀ àti ewédú ń kó gbogbo rẹ̀ lọ sí Bódìjà, pọ̀nmọ́ àti búrẹ́dì ni wọ́n ń fi owó rẹ̀ rà bọ̀ wálé. Ẹ̀fọ́ àti èso tó yẹ àgbàlagbà kan lóòjọ́ jẹ́ gíráàmù 400. Fún ènìyàn márùn-ún, kílò 2 ni. Kí ẹ tó di ẹrù ọjà, ẹ kọ́kọ́ yọ ti ilé sílẹ̀.

Ẹ má bọ ẹ̀fọ́ kí ẹ tún wá fún un gbẹ. Omi tí ẹ ń fún dànù yẹn ló ń gbé potassium lọ, èròjà inú ẹ̀fọ́ tó ń bá iyọ̀ jà nínú ara. Ẹ fọ ewé kí ẹ tó gé e, ẹ dà á sínú ata tó ti jinná, ìṣẹ́jú 2 sí 3 ti tó. Ewúro nìkan la yọ sílẹ̀ nítorí kíkorò rẹ̀. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ bá ń yọ lẹ́nu, kó bi dókítà rẹ̀ kó tó fi kún ẹ̀fọ́ àti èso.

Sìgá àti aáṣà, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má fi paraga mú ara jí. Ẹ sùn tó wákàtí 7 lóru.

Wíwọn ìfúnpá

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo. Ẹni tó ń dúró de orí fífọ́ kó tó lọ wọn tirẹ̀ ń fi ọjọ́ ṣòfò. Ẹni tó ti lé ní ọdún 40, kó wọ̀n ọ́n ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ní ilé ìlera alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ ọn. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì ní ìbámu pẹ̀lú àyà. Ẹ má sọ̀rọ̀. Kí wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀méjì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín rẹ̀. Bó bá ń jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ rí dókítà.

Oògùn tí wọ́n bá fún yín, ẹ má dá a dúró nítorí pé nọ́ńbà ti wálẹ̀. Oògùn náà ló mú un wálẹ̀. Bí ẹ bá ń mu àgbo, ẹ sọ ọ́ fún dókítà, ẹ má fi pamọ́.

Bí ẹnu bá ṣàdédé wọ́, tàbí tí apá kan kò ṣeé gbé, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń wọ́ lẹ́nu ẹni náà, rọpárọsẹ̀ ni kí ẹ kà á sí. Ẹ má fi epo, omi tàbí àgbo sí i lẹ́nu. Ẹ má gbé e lọ sílé ẹnikẹ́ni lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ wá ọkọ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀. Irú rọpárọsẹ̀ kan wà tí wọ́n lè fún ní oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, kìkì bí kò bá tíì ju wákàtí mẹ́rin àbọ̀ lọ láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá wà níbẹ̀ kó wo aago, kó sì sọ fún dókítà ìgbà tí wọ́n rí aláìsàn náà pẹ̀lú àlàáfíà kẹ́yìn.