Ìrírí mi: bí mo ṣe tún àkọsílẹ̀ àtijọ́ nípa iyanrìn odò àti omi kànga Ṣábẹ̀ẹ́ ṣe

Ìwé tí wọ́n kó fún mi kò jọ ara wọn rárá. Káàdì tí wọ́n fi bírò kọ nínú oko wà níbẹ̀, ẹ̀dà tí wọ́n fi kábọ́ọ̀nù tẹ̀ wà níbẹ̀, fáìlì Excel kan (tábìlì orí kọ̀ǹpútà) sì tún wà tí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ nígbà kan tó sì pa tì. Oríṣi iṣẹ́ méjì ni wọ́n ń sọ. Àkọ́kọ́ ni ohun tí wọ́n rí nínú iyanrìn ìsàlẹ̀ àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn lọ bá Ọ̀pàrà àti Ouémé. Èkejì ni ohun tí wọ́n rí nínú omi kànga ẹ̀rọ láwọn abúlé tó yí Ṣábẹ̀ẹ́, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ká. Àlùmọ́ọ́nì ni àwọn tó bu iyanrìn ń wá. Omi mímu ni àwọn yòókù ń wá, pàápàá láàárín 1981 sí 1990, ọdún mẹ́wàá tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún omi mímu àti ìmọ́tótó. Wọ́n ní kí n kó méjèèjì jọ, kí n tò wọ́n, kí a lè rí wọn lórí àwòrán ilẹ̀ kan ṣoṣo.

Kí n tó ṣe ohunkóhun, mo ya fọ́tò gbogbo ojú ìwé, mo sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ohun tí mo bá rí lójú ìwé gan-an ni mo tẹ̀ sínú òpó kan tí n kò ní fọwọ́ kàn mọ́ láéláé. Bí wọ́n bá kọ "<5", "<5" ni mo tẹ̀. Bí wọ́n bá kọ "traces" (pé ó wà, àmọ́ ó kéré jù), òun náà ni mo tẹ̀. Àtúnṣe mi wà nínú òpó kejì, ìdí àtúnṣe náà wà nínú ìkẹta. Àwọn kan sọ fún mi pé iṣẹ́ àṣelékún ni. Èmi ò gbà. Ẹni tó bá pa nọ́ńbà àtijọ́ rẹ́, tó fi tirẹ̀ rọ́pò, ó ti ba ẹ̀rí jẹ́, kódà bí tirẹ̀ bá tọ̀nà.

Ọwọ́ ìkọ̀wé ló kọ́kọ́ fún mi níṣẹ́. Ilé ìwé Faransé ni àwọn tó kọ káàdì wọ̀nyẹn lọ: 1 wọn ní ìlà gígùn kan tó gòkè láti apá òsì, 7 wọn sì ní ìlà tó dábùú àárín. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ka 1 sí 7, ohun tí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ fáìlì Excel ṣe níbi tó pọ̀ nìyẹn. Mo máa ń wá 7 tó ní ìdábùú lójú ìwé kan náà. Bí mo bá ti rí ọ̀kan péré, ó parí: gbogbo èyí tí kò ní ìdábùú, 1 ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, kọ́mà. Ní Bẹ̀nẹ̀ kọ́mà la fi ń ya ìdá sọ́tọ̀ lára odindi, 1,250 sì túmọ̀ sí ọ̀kan àti díẹ̀. Gbé e sórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n tò bíi ti àwọn ará Nàìjíríà, á di ẹgbẹ̀rún kan àti igba ó lé àádọ́ta. (Pọ́íǹtì ni mo lò nínú ohun tí mo ń kọ yìí, kí àwọn ará òdìkejì ààlà má bàa bú mi.) Excel tún ní ìwà burúkú mìíràn: bí wọ́n bá kọ jíjìn "3-5", á sọ ọ́ di ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún láìbi ẹnikẹ́ni léèrè.

Kọ́mà yìí kan náà ló fẹ́ dẹ́rù bà mí lórí kànga kan. Fáìlì ní fúlóráìdì rẹ̀ (èròjà tó lè ba eyín jẹ́ bó bá pọ̀ jù) jẹ́ 18 mílígíráàmù nínú lítà kan, bẹ́ẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má kọjá 1.5. Ilẹ̀ àpáta ni ilẹ̀ wa, omi tó bá sì pẹ́ nínú àpáta granite lè kó fúlóráìdì gan-an, nítorí náà n kò lè sọ pé irọ́ ni. Àmọ́ mo wo kalsíọ́ọ̀mù kànga náà, ó jẹ́ 60. Kalsíọ́ọ̀mù àti fúlóráìdì kì í jọ pọ̀ jù nínú omi kan náà. Bí wọ́n bá ti pọ̀ dé ìwọ̀n kan, wọ́n á so mọ́ra, wọ́n á dì, wọ́n á sì kúrò nínú omi. Mo ṣírò rẹ̀: 18 pẹ̀lú 60 ti fi ìlọ́po púpọ̀ ré kọjá ohun tí omi lè gbé, ṣùgbọ́n 1.8 pẹ̀lú 60 kò ní wàhálà kankan. Mo wá gbé ẹ̀dà kábọ́ọ̀nù náà sójú fèrèsé, mo sì rí ojú kọ́mà tó ti ṣá. 1.8 ni. Ó ṣì ju 1.5 lọ, torí náà n kò yọ kànga náà kúrò lára àwọn tí mo ń ṣọ́.

Òfo, 0, -5, "<5", "nd": àwọn tó ṣáájú mi ti kó gbogbo wọn pọ̀ sójú kan, wọ́n sọ wọ́n di 0. Ìyẹn ló bí mi nínú jù. Òfo lè túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni ò wọ̀n ọ́n. Àwọn láàbù kan máa ń kọ -5 nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé ó kéré sí 5, ẹ̀rọ wọn ò sì lè rí ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀. "nd" ló le jù, torí ó lè jẹ́ pé wọ́n wá a tì, ó sì lè jẹ́ pé wọn ò wá a rárá. Ọgbọ́n tí mo dá ni pé mo wo gbogbo ìwé tó ti láàbù wá pa pọ̀. Bí "nd" bá kún òpó kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọn ò wọ̀n ọ́n. Bí ó bá fọ́n ká láàárín nọ́ńbà kéékèèké, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọn ò rí i. Èyí tí n kò bá lè pinnu, mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

N kò fi ìdajì òpin ohun tí ẹ̀rọ lè rí rọ́pò wọn, bí ọ̀pọ̀ ṣe máa ń ṣe. Bí ẹ̀rọ kan kò bá lè rí ohun tó kéré sí 5, tí òmíràn kò lè rí ohun tó kéré sí 50, ìdajì wọn á di 2.5 àti 25. Lórí àwòrán, apá tí wọ́n ti lo ẹ̀rọ kejì á máa tàn yòò, ẹnì kan á sì gbé ṣọ́bìrì lọ síbẹ̀. Àmì "<" wà nínú òpó tirẹ̀, nọ́ńbà wà nínú tirẹ̀.

Ti ìwọ̀n kò gba àkókò. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ 10,000 ppm (ìdá kan nínú mílíọ̀nù ni ppm), ppm àti mílígíráàmù nínú kílò kan sì jẹ́ ohun kan náà. Níbi tí wọ́n bá ti kọ Fe2O3 (irin tó so mọ́ ọ́síjìn), mo fi 0.699 sọ nọ́ńbà rẹ̀ di púpọ̀ kí n tó rí irin fúnra rẹ̀.

Nítíréètì (NO3, àpapọ̀ náítírójìn àti ọ́síjìn) ni kò ṣeé fi ojú fò dá. Ọ̀nà kan wà láti fi mọ̀ bóyá àkọsílẹ̀ omi pé: àwọn èròjà tó yọ́ sínú omi, àwọn kan ní iná pọ́sítíìfù, àwọn kan ní nẹ́gétíìfù, àròpọ̀ méjèèjì sì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Kí a lè mọ ìwọ̀n iná tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé, a máa fi 20.04 pín kalsíọ́ọ̀mù, 22.99 fún sódíọ́ọ̀mù, 61.02 fún HCO3 (baikabọ́néètì), 62 fún NO3, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, ká tó rò wọ́n pọ̀. Bí ìyàtọ̀ bá kọjá 10 nínú ọgọ́rùn-ún àròpọ̀ wọn, nǹkan ń bẹ. Kànga kan fún mi ní 6.09 lápá kan, 4.55 lápá kejì, ìyàtọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítíréètì rẹ̀ jẹ́ 28. Òpin tí wọ́n fi sí i jẹ́ 50, ẹni tó bá sì wò ó lásán á ní omi yìí dára. Nígbà tí mo wo ìsàlẹ̀ ìwé láàbù náà, mo rí lẹ́tà kékeré pé náítírójìn (N) inú rẹ̀ nìkan ni wọ́n kọ, kì í ṣe nítíréètì lódindi. Ẹ fi 4.43 (bí nítíréètì ṣe wúwo tó ju náítírójìn inú rẹ̀ lọ) sọ 28 di púpọ̀, ẹ ó rí 124. Ẹ fi 62 pín 124, ó jẹ́ 2. Mo fi 2 yìí rọ́pò 0.45 tí 28 ti fún mi tẹ́lẹ̀, apá kejì wá di 6.10, ó sì dọ́gba. Omi tí wọ́n ti kà sí omi rere fún ọ̀pọ̀ ọdún fi ju ìlọ́po méjì lọ kọjá òpin.

Mo wá lọ bá gbogbo ìwé tó ti láàbù náà wá. Níbi tí nítíréètì bá kéré, ìṣirò yìí ò lè fi àṣìṣe hàn, torí iná tó gbé kò tó nǹkan. Ìlà kékeré ìsàlẹ̀ ìwé nìkan la lè gbẹ́kẹ̀ lé níbẹ̀.

Nípa iyanrìn, mo kọ̀ láti da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Nínú àwọn ìwé tó pẹ́ jù, nọ́ńbà ń fò báyìí: 10, 15, 20, 30, 50, 70, 100. Kò sí 24, kò sí 63. Ẹ̀rọ tó ń sun sáńpù kí wọ́n fi ojú wọn ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ló máa ń fún ni ní irú àfojúbù bẹ́ẹ̀, kò sì ṣeé tò sínú òpó kan náà pẹ̀lú ti àwọn ẹ̀rọ tó dé lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ásíìdì tí wọ́n fi yọ́ ọ: òmíràn yọ́ gbogbo iyanrìn, òmíràn kò lè yọ́ krómíọ́ọ̀mù tó há sínú òkúta líle. Òpó tirẹ̀ ni mo fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí wọ́n ti bu sáńpù ló gbà mí lákòókò jù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ tò wọ́n sórí QGIS (ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya àwòrán ilẹ̀), àwọn iyanrìn odò kan lọ gúnlẹ̀ sórí òkè àpáta, níbi tí odò kankan ò gbà. Mo wo òpó látítíùdì láti òkè dé ìsàlẹ̀: 8.02, 8.17, 8.30, 8.56. Kò sí èyí tí nọ́ńbà méjì ẹ̀yìn pọ́íǹtì rẹ̀ kọjá 59. Ìṣẹ́jú (ìdá kan nínú ọgọ́ta) ni wọ́n ń kọ, wọn ò kọ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. 8.30 tí mo kà sí mẹ́jọ àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá, mẹ́jọ ààbọ̀ ló jẹ́, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ kìlómítà 22. Lẹ́yìn tí mo tún ìyẹn ṣe, odò gba àwọn iyanrìn rẹ̀ padà, àfi pé gbogbo wọn ṣì yẹ̀ díẹ̀ sí apá kan náà. Àwòrán àtijọ́ gbára lé Clarke 1880, GPS òde òní gbára lé WGS 84 (ọ̀nà méjì tí wọ́n fi ṣírò bí ayé ṣe rí), ìyípadà láàárín wọn sì yanjú rẹ̀.

Orúkọ náà ní tirẹ̀. Ọ̀pàrà lè jẹ́ odò, ó sì lè jẹ́ agbègbè lábẹ́ kọmúùnù Ṣábẹ̀ẹ́. Ouémé lè jẹ́ odò, ó sì lè jẹ́ ẹkùn. Kí ọdún 1999 tó dé, Kétu wà lábẹ́ ẹkùn Ouémé, Ṣábẹ̀ẹ́ sì wà lábẹ́ ẹkùn Zou. Bí orí ìwé bá kọ Dahomey, orúkọ Bẹ̀nẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti wà kí oṣù Kọkànlá 1975 tó parí.

Kànga kan ni mo fi ẹsẹ̀ ara mi lọ wò. Káàdì ní irin inú omi rẹ̀ jẹ́ 11 mílígíráàmù, bẹ́ẹ̀ 0.3 péré ti ń kun aṣọ. pH rẹ̀ (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó; bó bá ti kéré sí 7, ó kan) jẹ́ 5.8. Mo bá nọ́ńbà rẹ̀ lára sìmẹ́ńtì, ó bá káàdì mu. Bàbá kan jókòó lábẹ́ igi nítòsí.

"Ẹ kú ìjókòó o, bàbá."

"O káàbọ̀, ọmọ mi. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí o. Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ṣé pọ́ǹpù yìí ni wọ́n ti gbé síbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀?"

"Rárá o! Ihò náà nìyẹn, orí rẹ̀ kọ́. Ti àkọ́kọ́, ọwọ́ la fi ń fà á. Omi rẹ̀ pupa, àwọn ìyàwó ilé ò jẹ́ fi fọ aṣọ funfun. Ìgbà tí wọ́n gbé ẹlẹ́sẹ̀ yìí dé lomi tó mọ́."

Páìpù irin ni ti àkọ́kọ́, rọ́bà ni ti ẹlẹ́sẹ̀. Omi tó kan díẹ̀ bí èyí máa ń jẹ páìpù irin. Mo fi 11 sílẹ̀ bó ṣe wà, torí wọ́n wọ̀n ọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo fi àmì sí i pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé láti ara páìpù ló ti wá, kí wọ́n má fi ṣe àwòrán irin inú ilẹ̀.

Fáìlì tí mo fi sílẹ̀ níkẹyìn pín sí mẹ́ta: ti iyanrìn, ti omi, àti ti àwọn ìlà tí n kò mọ ibi tí wọ́n ti wá. N kò sọ ọ̀kan nínú ìkẹta yìí nù, nítorí ìwé oko àwọn awakọ̀ tàbí ti àwọn tó gbẹ́ kànga ṣì lè jáde láti inú àpótí ẹnì kan. Orúkọ àwọn abúlé tí nítíréètì tàbí fúlóráìdì wọn kọjá òpin, mo kọ ọ́ sínú ìwé kan ṣoṣo, mo sì mú un lọ fún àwọn tó ń bójú tó omi ní kọmúùnù, pé kí wọ́n bu omi tuntun níbẹ̀, kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ láàbù, kí wọ́n tó sanwó, bóyá N ni wọ́n fẹ́ kọ tàbí NO3.