Bí A Ṣe Ń Fi Ìlù Ọkàn Mọ Ibi Tí Agbára Dé Lẹ́nu Iṣẹ́ àti Eré

Níbi tí wọ́n bá ti ń kọ́lé ní Ìkòròdú, kò ṣòro láti rí lébìrà tó ti ń ru búlọ́ọ̀kù láti àárọ̀ tí yóò sì máa búra pé kò rẹ òun. Ẹnu lè sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a bi ọkàn rẹ̀ wò.

Iye ìgbà tí ọkàn yín ń lù ní ìṣẹ́jú kan láàárọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Kí ẹ tó dìde lórí ibùsùn, ẹ fi ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín tẹ ọrùn ọwọ́ kejì jẹ́jẹ́, ní ìsàlẹ̀ àtàǹpàkò, títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lára pé iṣan ń sọ. Ẹ má fi àtàǹpàkò kà á, nítorí iṣan tirẹ̀ náà ń sọ, yóò sì da kíkà rú. Ẹ kà á fún ìdajì ìṣẹ́jú, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Láàárín 60 sí 100 ni ti àgbàlagbà tó sinmi sábà máa ń wà. Ti sárésáré tó mọṣẹ́ dáadáa lè wà ní 40 láìsí àìsàn kankan.

Lẹ́nu eré, àwọn ènìyàn a máa yọ ọjọ́ orí kúrò nínú 220 láti mọ iye tó pọ̀ jù tí ọkàn lè lù ní ìṣẹ́jú kan: ti ẹni 40 ọdún yóò jẹ́ 180, ìdajì rẹ̀ sí ìdá 70 nínú 100, ìyẹn 90 sí 126, sì ni ti eré ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ìfojúdá lásán ni o.

Kíkà lẹ́yìn iṣẹ́ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù. Bí ẹ bá ti sọ ẹrù kalẹ̀, ẹ jókòó, kí ẹ jẹ́ kí ìdajì ìṣẹ́jú kọjá, kí ẹ wá ka ìdajì kejì, kí ẹ sì tún ka ìdajì tó kẹ́yìn nínú ìṣẹ́jú kẹta. Ẹ sọ kálukú di ìlọ́po méjì. Bí ti ẹlẹ́ẹ̀kejì bá wálẹ̀ dé 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sísàlẹ̀, iṣẹ́ náà ṣì mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n ká ní 124 ni àkọ́kọ́, tí èkejì sì jẹ́ 118, tí kò fi 10 wálẹ̀, iṣẹ́ ti ju ara lọ.

Oòrùn ọ̀sán máa ń dá kún un, nítorí ọkàn ní láti fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí awọ kí ara lè tutù, bẹ́ẹ̀ òógùn ń gbé omi ara lọ. Búlọ́ọ̀kù tí kò ni wá lára ní aago mẹ́jọ lè mú ọkàn sáré ní aago méjì. Ẹ bọ́ sábẹ́ ibòòji, ẹ mu omi, kí ẹ tún un kà kí ẹ tó ru òmíràn. Obì àti kọfí lè mú iye náà ga, àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan sì ń fà á sẹ́yìn, nítorí náà kí ẹni tó ń lò wọ́n béèrè lọ́wọ́ dókítà rẹ̀.

Bí àyà bá ń dunni tàbí tí òòyì ń kọ́ni, ẹ má wulẹ̀ ka ìlù ọkàn rárá. Ẹ sọ ẹrù náà kalẹ̀, kí wọ́n gbé yín lọ sí ilé ìwòsàn.