Àpò Ìdọ̀tí Lẹ́yìn Ọkọ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ń Wa Ọkọ̀ Lọ Pàgọ́ Nínú Igbó

Ẹni tó bá ti wa ọkọ̀ wọ igbó tàbí aṣálẹ̀, tó sun ọjọ́ méjì-mẹ́ta nínú àgọ́, mọ̀ pé ìdọ̀tí máa ń pọ̀ ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Lọ́jọ́ tí ẹ ń lọ, oúnjẹ wà nínú ike àti agolo, gbogbo rẹ̀ tò jẹ́jẹ́ sínú àpótí. Lọ́jọ́ tí ẹ ń bọ̀, oúnjẹ ti tán, ike àti agolo ṣì wà ńbẹ̀, wọ́n ti ń rùn, wọ́n sì ti ń jò. Kò sẹ́ni tó ń wá kó ìdọ̀tí nínú igbó. Ohun tí ẹ bá gbé wọlé lẹ máa gbé jáde. Bí ẹ bá wá kó o sínú ọkọ̀ tí ẹ ti ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ nítorí eruku, òórùn náà á bá yín délé, á sì tún jókòó sínú tìmùtìmù fún ọjọ́ gbọọrọ.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń so àpò ìdọ̀tí mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò dáa ni bí wọ́n ṣe ń sọ àpò náà di ààtàn: wọ́n á ju ohun gbogbo sínú rẹ̀, wọ́n á fi í kọ́ síbẹ̀ tọ̀sán-tòru, ó di ọjọ́ tí wọ́n bá délé kí wọ́n tó tún wò ó. Ìgbà tí ọkọ̀ bá ń rìn nìkan ni àpò yẹn wà fún. Iṣẹ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀, kí ìdọ̀tí tó dé inú àpò la ti ń ṣe é.

Iṣẹ́ tó ṣáájú àpò

Ilé la ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ tú páálí àti ọ̀rá tí wọ́n fi di nǹkan dànù sílé, kí ẹ da ohun tó wà nínú wọn sínú abọ́ olómọrí tí ẹ máa fọ̀ lò padà. Páálí tí kò bá yín lọ, kò ní bá yín bọ̀. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ fi ìgò sílé pẹ̀lú.

Níbi àgọ́, ohun mẹ́ta ló ń ba àpò jẹ́: omi, afẹ́fẹ́, àti ohun tó mú. Omi ló burú jù. Lítà omi kan, kílò kan ni, ẹ ò sì fẹ́ máa fi kílò márùn-ún omi ìdọ̀tí mì jìgìjìgì lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ wo agolo ẹja. Ẹ jẹ ẹ́ tán, òróró bíi ṣíbí méjì ṣì kù nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá jù ú sínú àpò bẹ́ẹ̀, kí ọkọ̀ tó bọ́ sí gálọ́ọ̀pù kẹta, òróró yẹn ti wá ọ̀nà dé ìdí àpò, láti ibẹ̀ ó ti ń ṣàn lára ilẹ̀kùn, eruku sì ń lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹrẹ̀. Bébà tí ẹ fi nu ọwọ́ lẹ́yìn oúnjẹ, òun náà ni kí ẹ fi nu inú agolo. Ẹ ki bébà ọ̀hún sínú rẹ̀, ẹ ti ọmọrí rẹ̀ wọnú, kí ẹ wá fi gìgísẹ̀ bàtà tẹ̀ ẹ́ títí ẹnu rẹ̀ á fi pa dé. Agolo tí a bá ṣe báyìí kì í jò, kì í gé ọ̀rá, ìdajì àyè tó ń gbà tẹ́lẹ̀ ni yóò máa gbà.

Ike omi ńkọ́? Ẹ fún un pọ̀ kí ẹ tó dé e. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé e, afẹ́fẹ́ ló ń gbé lọ sílé.

Ìgò tó bá fọ́ kò gbọdọ̀ wọ àpò tí a so kọ́. Mímì tí ọ̀nà ń mì ín á tún un fọ́ sí wẹ́wẹ́, ọwọ́ ẹni tó máa tú àpò ló sì máa fara gbá a. Ẹ fi aṣọ tó ti gbó wé e, kí ẹ gbé e sínú korobá tó ní ọmọrí.

Ìyókù oúnjẹ, ẹ fi ọ̀rá méjì dì í, kí ẹ so ẹnu wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lójú ooru, ẹyin eṣinṣin kì í pé ọjọ́ kan kó tó di ìdin. Ẹ má sì tẹ̀ lé ẹni tó bá ní kí ẹ ju èèpo èso sínú igbó nítorí pé ó máa jẹrà. Lóòótọ́ ni, àmọ́ èèpo ọsàn lè lo oṣù bíi mélòó kan nílẹ̀ gbígbẹ kó tó rà tán, ẹranko tó bá sì ti jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan á máa wá sídìí àgọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín.

Sísun ìdọ̀tí nínú iná àgọ́ kò sí nínú ìmọ̀ràn tèmi. Èéfín ike ní májèlé nínú, ọ̀rá tí inú rẹ̀ ń dán bíi fàdákà kì í sì í jóná tán. A máa ń bá àjókù rẹ̀ nínú eérú láàárọ̀. Eérú alára, ẹ má kó o sínú àpò rárá. Ẹyin iná lè fara pa mọ́ sábẹ́ eérú di ọjọ́ kejì, atẹ́gùn ẹ̀yìn ọkọ̀ á sì fẹ́ ẹ bí ẹwìrì. Agolo gáàsì, agolo tó ń fín nǹkan jáde àti bátìrì náà kò bá wọn dé ẹ̀yìn ọkọ̀. A sábà máa ń kọ ọ́ sára agolo tó ń fín nǹkan pé kí ooru rẹ̀ má kọjá 50°C, oòrùn ọ̀sán lára àpò dúdú sì lè mú un débẹ̀. Inú àpótí líle, lábẹ́ ibòòji, ni kí wọ́n wà.

Ibi tí a ó so ó mọ́

Ọ̀rá dúdú lásán ni mo kọ́kọ́ lò, mo so ó mọ́ àkàsọ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀, inú mi sì dùn sí ọgbọ́n tí mo dá. A kúrò lọ́nà gálọ́ọ̀pù, a bọ́ sí títì, mo tẹ iná. Ẹni tó wà lẹ́yìn wa bẹ̀rẹ̀ sí í tan iná mọ́ wa, mo rò pé ó fẹ́ kọjá ni, mo yà fún un. Kò kọjá. Nígbà tí mo wá dúró, ẹnu ọ̀rá nìkan ló kù lára àkàsọ̀, kókó tí mo ta dáadáa ṣì wà níbẹ̀ láìtú. A padà rin títì yẹn lẹ́sẹ̀, a ń ṣa bébà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹnikẹ́ni ò bá mi sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ títí a fi délé.

Nítorí náà, àpò aṣọ kanfásì tó nípọn ni kí ẹ wá, èyí tó ní bẹ́líìtì àti ìdè tó ń dún tó bá há, kí ọ̀rá wà nínú rẹ̀. Bí ọkọ̀ yín bá gbé sípíà táyà sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, orí rẹ̀ ni àyè tó dáa jù: bẹ́líìtì á yí táyà po, àpò kò ní máa fì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ rántí pé táyà ńlá pẹ̀lú ríìmù rẹ̀ lè wọ̀n tó 30 kílò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, irin tí ilẹ̀kùn fi so mọ́ ara ọkọ̀ ló sì ń gbé gbogbo rẹ̀. Ìdọ̀tí tó fúyẹ́ ni kí ẹ fi kún un.

Ẹ wo ìsàlẹ̀ kí ẹ tó so ó. Ibo ni sàlẹ́ńsà wà? Ọ̀rá lásán ti ń yọ́ ní nǹkan bíi 110°C, atẹ́gùn tó ń ti ẹnu sàlẹ́ńsà jáde sì lè gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ọkọ̀ bá ń fipá gun òkè. Kí àpò jìnnà sí i, kó má sì bo iná ẹ̀yìn, nọ́ńbà ọkọ̀ tàbí kámẹ́rà. Ẹlòmíì á ní kí ẹ gbé e sórí òrùlé. Ẹ̀ka igi á fà á ya, ẹrù òkè a sì máa jẹ́ kó rọrùn fún ọkọ̀ láti dojú dé lẹ́bàá òkè. Apẹ̀rẹ̀ irin tí a ń kì sí ìdí ọkọ̀ sàn díẹ̀, àmọ́ ó máa ń gbá àpáta bí ọkọ̀ bá ń jáde nínú kòtò.

Àpò á dọ̀tí, ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ tó tẹ́jú máa ń fa eruku mọ́ra bó ṣe ń sáré, èéfín sàlẹ́ńsà náà ń yípo níbẹ̀. Ẹ má ṣí fèrèsé ẹ̀yìn nítorí àtiyẹ àpò wò lórí ìrìn. Inú ọkọ̀ ni èéfín yẹn máa wá. Ẹ dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ lórí ọ̀nà gálọ́ọ̀pù, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ fa bẹ́líìtì le. Ìdọ̀tí á ti rọ̀ sísàlẹ̀, bẹ́líìtì á sì ti dẹ̀.

Bí ilẹ̀ bá ṣú

Ẹ tú àpò náà. Eku, ọ̀bọ, ajá ìgbẹ́, gbogbo wọn ló mọ òórùn oúnjẹ, èékánná wọn kò sì mọ̀ pé ọ̀dà ọkọ̀ lówó lórí. Níbi tí kò bá sí ẹranko ńlá, ẹ gbé ọ̀rá inú rẹ̀ sínú korobá olómọrí nínú ọkọ̀ di àárọ̀. Níbi tí béárì bá wà, òfin ibẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé, nítorí béárì a máa fa ilẹ̀kùn ọkọ̀ ya. Ní ọgbà Yosemite ní Amẹ́ríkà, kò sáyè pé kí oúnjẹ tàbí ohun tó ń ta sánsán wà nínú ọkọ̀ lóru. Àpótí irin wà níbẹ̀ fún un, ìdọ̀tí pẹ̀lú sì ni.

Bébà ìnùdí àti ìtẹ́dìí ọmọ, ẹ ya wọ́n sọ́tọ̀ sínú korobá tiwọn, kí ẹni tó ń wá agolo má lọ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Ọjọ́ tí ẹ bá délé ni kí ẹ tú àpò, kó má di ọjọ́ kejì. Ẹ yí inú rẹ̀ síta, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a sóòrùn. Bó bá gbẹ, ẹ gbé ìdí rẹ̀ sókè sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ wo ojú rírán: ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ ni kí ẹ tún rán.