Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Yíya Fọ́tò Ejò Ọ̀sìn Pẹ̀lú Òkúta Dídán

Òkúta kò ṣọ̀wọ́n ní Àkúrẹ́. Gíránáìtì àti òkúta dúdú tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní charnockite wà nílẹ̀ láti ìgboro títí dé Ìdànrè, a sì máa ń rí òkúta funfun tí wọ́n ń pè ní quartz nínú yanrìn odò lẹ́yìn tí òjò ńlá bá ti fọ̀ ọ́. Mo máa ń ṣà wọ́n, mo sì ń fi sáńpépà àti omi ha wọ́n títí wọn yóò fi dán gbinrin. Nínú ilé kan náà ni mo ti ń sin mọ́námọ́ná, òjòlá kúkúrú ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí kò ní oró, tí kì í sì í sábà gùn ju mítà kan àtààbọ̀ lọ. Ìpẹ́ ejò náà àti ojú òkúta dídán bá ara wọn mu gan-an nínú fọ́tò, inú mi sì ń dùn bí mo ṣe ń rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń gbìyànjú irú iṣẹ́ yìí. Ohun tí ó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ ni pé nínú púpọ̀ àwọn fọ́tò tí wọ́n ń fi hàn mí, ó hàn gbangba pé òkúta ni wọ́n tọ́jú, wọn kò tọ́jú ejò.

Àṣìṣe tí mo kà sí èyí tí ó burú jù lọ ni kí a kó òkúta sí oòrùn nítorí kí ó lè dán, kí a sì wá gbé ejò lé e lórí. Òkúta fẹ́ràn oòrùn lóòótọ́, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ gbígbóná yẹn ni ó ń gbé àwọ̀ inú rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n òkúta dúdú tí ó ti wà lójú oòrùn fún wákàtí kan ní oṣù Èrèlé tàbí oṣù Ẹrẹ́nà lè gbóná ju ohun tí ọwọ́ ènìyàn lè gbà lọ, ibi tí ooru náà sì ń wọlé sí ni ikùn ejò, níbi tí gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ wà. Ejò kì í ṣe bí ẹran ẹlẹ́jẹ̀ gbígbóná. Ohun tí ó yí i ká ni ó ń fún ara rẹ̀ ní ooru, bẹ́ẹ̀ ni kì í tètè kúrò lórí ohun tí ó ń jó o. Ibi tí ó gbóná jù nínú àpótí mọ́námọ́ná kò gbọdọ̀ ju nǹkan bí ìwọ̀n 31 sí 33 ti Celsius lọ. Mo sọ èyí pẹ̀lú ìbànújẹ́, nítorí pé èmi náà ti ṣe é rí: ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni mo fi gbé ejò mi lé òkúta kan, ìpẹ́ ikùn rẹ̀ pọ́n, ó sì bọ́ awọ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó mọ́ tán. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan òkúta kọ̀ọ̀kan, mo sì ń ka ení, èjì títí dé ẹ̀wá. Bí ọwọ́ mi kò bá gbà á, ejò mi kò ní dé ibẹ̀.

Àwọn kan a tún lọ sí òdìkejì pátápátá. Wọ́n a gbé ejò sínú fíríìjì kí ó lè rọ̀, kí ó má baà rìn nígbà tí wọ́n bá ń ya á. Ìwà ìkà ni èyí, kò sí orúkọ mìíràn tí mo lè fún un. Òtútù a dá ìṣiṣẹ́ ara ejò dúró, ó lè mú kí oúnjẹ bàjẹ́ sí i nínú, ó sì lè fa àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tí a kò ní mọ̀ títí tí yóò fi máa la ẹnu láti mí. Ẹni tí kò bá ní sùúrù láti dúró de ejò kò tíì ṣe tán láti ya á.

Ìmọ́lẹ̀ ni àṣìṣe tí ó tẹ̀lé e. Òkúta tí a ti dán dáadáa dà bíi dígí, ojú ejò pẹ̀lú dà bíi dígí, nítorí pé kò ní ìpéǹpéjú, awọ kan tí ó mọ́ gaara ni ó bò ó. Nígbà tí fíláàṣì kámẹ́rà bá tàn tààrà, àmì funfun yóò hàn lórí òkúta kọ̀ọ̀kan àti nínú ẹyinjú ejò, gbogbo iṣẹ́ tí a fi sáńpépà ṣe yóò sì dòfo. Ohun tí ó dára jù ni ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ní òwúrọ̀, kí a fi aṣọ funfun fẹ́lẹ́ bo fèrèsé náà, kí ìmọ́lẹ̀ sì máa wá láti ẹ̀gbẹ́. Ẹni tí ó bá ní lẹ́ńsì tí a ń yí gíláàsì polarizer sí níwájú lè máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí ìdán tí ó pọ̀ jù yóò fi dín kù. Ẹni tí fóònù ni ó ń lò lè gbé awò oòrùn tí ó jẹ́ polarized síwájú kámẹ́rà fóònù rẹ̀. Kí a má sì mú ìdán náà kúrò tán, nítorí pé àwọ̀ òṣùmàrè tí ó máa ń hàn lórí ìpẹ́ òjòlá wà lára rẹ̀, òkúta tí kò bá sì dán mọ́ nínú fọ́tò kò yàtọ̀ sí èyí tí a kò ha rárá.

Ojú ejò ni kí a fi kámẹ́rà mú, kì í ṣe òkúta tí ó wà níwájú rẹ̀. Kí a rẹ ara wa sílẹ̀ títí kámẹ́rà yóò fi bá orí ejò dọ́gba, kí a fi ìyára kámẹ́rà sí ìdá kan nínú 250 ìṣẹ́jú-àáyá (1/250) tàbí kí ó yára jù bẹ́ẹ̀ lọ bí a bá fẹ́ mú ahọ́n rẹ̀ nígbà tí ó bá yọ ọ́, kí a sì yẹra fún òkúta aláwọ̀ ilẹ̀, nítorí pé àwọ̀ mọ́námọ́ná yóò pòórá sínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àkókò tún wà. Ejò tí ó bá jẹun kò yẹ kí a fọwọ́ kàn fún ó kéré tán wákàtí 48, kí ó má baà pọ oúnjẹ rẹ̀. Èyí tí ojú rẹ̀ bá ti ṣú bí ẹni pé èéfín bò ó ti fẹ́ bọ́ awọ. Kò ríran dáadáa, ẹ̀rù sì ń tètè bà á. Nígbà tí ẹ̀rù bá ba mọ́námọ́ná, a ká jọ bí òṣùṣù, a sì fi orí pamọ́ sí àárín. Mo ti rí ẹni tí ó ń fi ọwọ́ tú u kí orí rẹ̀ lè hàn nínú fọ́tò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá kọjá tí kò tú ara rẹ̀, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti parí nìyẹn.

Òkúta fúnra rẹ̀ tún lè jẹ́ ewu. Àwọn kan ń fi òróró pa á kí ó lè dán kíákíá, òróró náà a sì lẹ̀ mọ́ ìpẹ́ ejò. Ìyẹ̀fun tí a fi ń dán òkúta gbọ́dọ̀ kúrò pátápátá pẹ̀lú omi àti búrọ́ọ̀ṣì, kí a sì máa fi omi ha òkúta nígbà gbogbo, nítorí pé eruku quartz ń ba ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn jẹ́. Kí a má to òkúta léra wọn: ejò a máa wọ abẹ́ ohun tí ó bá rí, òkúta tí ó bá wó lé e sì lè ṣẹ́ ẹ ní egungun.

Ẹ má ṣe lọ mú ejò inú igbó nítorí fọ́tò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọmọ òjòlá àti ọká, ọká sì ní oró tí ó ń pa ènìyàn. Gbogbo òjòlá pátá sì wà lábẹ́ àdéhùn CITES, tí ó ń ṣọ́ òwò wọn láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Bákan náà ni kí a má ṣe ṣa òkúta lórí Òkè Ìdànrè, ibi tí ó ti wà láti ọdún 2007 nínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí ń dúró de kí UNESCO kà wọ́n sí ogún àgbáyé.

Nígbà tí a bá ti ya ejò tán, kí a dá a padà sínú àpótí rẹ̀, kí a sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ wa dáadáa, nítorí pé kòkòrò àrùn tí ń jẹ́ Salmonella wọ́pọ̀ lára ejò tí ara rẹ̀ le pàápàá. Ojú tábìlì oúnjẹ kọ́ ni a ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ejò rárá, tàbí òkúta náà kí a tó fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn èyí ni a tó lè kó òkúta jáde sí oòrùn ọ̀sán, kí a sì ya wọ́n ní àwọn nìkan, bí wọ́n bá ṣe dán tó.