Ẹ Pa Ohùn Tẹlifíṣọ̀n Kẹ́ ẹ Tó Wo Gídígbò Àtijọ́

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi tí a jọ ń wo gídígbò àtijọ́ lálẹ́ Sátidé lẹ́yìn Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́, ẹ jẹ́ ká máa kọ́kọ́ pa ohùn tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí ìjà wà lára àwọn tó ń polówó ìjà náà.

Ẹ wo ìjà Hulk Hogan àti André the Giant ní WrestleMania III, ètò gídígbò ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ọdún 1987. Àwọn tó ń polówó rẹ̀ ní ó ti tó ọdún 15 tí ẹnikẹ́ni ò borí André, pé kò sì sẹ́ni tó gbé e ṣánlẹ̀ rí. Irọ́ ni. Antonio Inoki borí rẹ̀ ní Japan ní 1986, Hogan fúnra rẹ̀ sì ti gbé e ṣánlẹ̀ ní Shea Stadium, pápá ìṣeré kan ní New York, ní 1980. Èrò 93,173 tí wọ́n kéde pé ó wá wo WrestleMania III, àríyànjiyàn ṣì wà lórí rẹ̀ dòní.

Tí ohùn bá ti lọ, ẹ wo ẹsẹ̀ André. Kì í rìn púpọ̀. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn fún un, ìgbànú tó gbé ẹ̀yìn ró sì wà lábẹ́ aṣọ rẹ̀. Lójú tèmi, òun ló ṣiṣẹ́ jù lọ́jọ́ yẹn, tó fi ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ gbà kí wọ́n gbé òun.

Nínú ìjà Randy Savage àti Ricky Steamboat, ní ètò kan náà, ẹ wo ẹni tí wọ́n ń gbé: òun fúnra rẹ̀ náà ń fò.

Ẹ wá dá ohùn padà, kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n fi ariwo bò.

Ẹ sọ fáwọn ọmọ pé àwọn oníjà náà ti mọ ẹni tó máa borí tẹ́lẹ̀, àmọ́ ìṣubú náà ń dun ni gan-an. Kí wọ́n má dán an wò lórí sìmẹ́ńtì o.