Orí tó ń yún, tó ń já funfun: ohun tó o lè ṣe sí i

Tó o bá ti ń fi àtẹ́lẹ́wọ́ gbá orí ní Lágere n'Ífẹ̀ torí pé irun dídì ò jẹ́ kí èékánná wọlé, tí nǹkan funfun sì ń já sí èjìká aṣọ dúdú ẹ, jọ̀ọ́ má tíì sáré ra òróró. Kọ́kọ́ wo nǹkan tó ń já yẹn ná. Tó bá kéré tó gbẹ bí ìyẹ̀fun, tẹ́sẹ̀ ẹ náà ń funfun, ọyẹ́ ni tàbí ọṣẹ tó le, fi àdí àgbọn díẹ̀ pa á.

Ṣùgbọ́n tó bá fẹ̀, tó lọ́ràá, tó lẹ̀ mọ́ orí, dándrọ́ọ̀fù nìyẹn o. Yíìsì, ohun alààyè tíntín kan tójú ò lè rí, tó ń gbé lórí gbogbo wa ló ń jẹ ọ̀rá ibẹ̀, òróró tí ò ń dà sí i, oúnjẹ lò ń gbé fún un (èmi náà ti ṣe é rí, ó kàn ń yún mi sí i ni). Tú irun yẹn, lọ sí kẹ́mísìtì, béèrè ṣampú tó ní ketoconazole 2% (oògùn tó ń gbógun ti yíìsì yẹn), lò ó lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Jẹ́ kí ìfófòó ẹ̀ wà lórí fún ìṣẹ́jú 5 kó o tó ṣàn án, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í, wọ́n á fi omi ṣàn án lójú ẹsẹ̀ wọ́n á ní ò ṣiṣẹ́. Má fi ìlàrí họ ọ́ o, egbò ló máa dà.

Tó bá jẹ́ ọmọdé, tí irun ẹ̀ ń já kúrò lójú kan, làpálàpá ni kẹ́ ẹ fura sí, oògùn mímu ni dókítà máa kọ fún un, ṣampú nìkan ò ká a.